Láísẹ́ǹsì PE ní ìpínlẹ̀ tó ju ọ̀kan lọ: ìfiwéra wákàtí ẹ̀kọ́ ní Texas, Florida, New York àti California

Ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì PE (Professional Engineer, ìwé àṣẹ tó ń fún ẹnjiníà láyè láti tẹ òǹtẹ̀ lé àwòrán) ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ gígùn fún un. Kó ka òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó wo iye wákàtí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó tún láísẹ́ǹsì náà ṣe, kó ṣe é, ó bùṣe. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí iṣẹ́ ń gbé kiri: ẹni tó ń gbé Houston, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ya àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Miami, tí oníbàárà mìíràn wà ní Brooklyn, tí ọ̀gá sì ti ń sọ pé Los Angeles ló kàn. Ọmọ Yorùbá tó wà nírú ipò yìí kò kéré, pàápàá láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ afárá, ọ̀nà, iná mànàmáná àti epo.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni "Wákàtí mélòó ni?" Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé kọ́ọ̀sì wo ni mo lè ṣe lẹ́ẹ̀kan tí wọn yóò kà fún mi níbi gbogbo tí orúkọ mi wà? Wákàtí kan náà lè wúlò ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta bó bá ti bá òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe wò ó, iye wákàtí ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń mú èèyàn: ta ló fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, ṣé ẹni tó ń kọ́ni wà níbẹ̀ lásìkò náà àbí fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni, ọjọ́ wo ni sáà (àkókò tó wà láàárín ìtúnṣe láísẹ́ǹsì kan sí òmíràn) sì parí. Ibi tí òfin ti le jù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó ra kọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ iye owó lè dúró dìgbà yẹn.

Ká tó fi wọ́n wéra

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í fún ẹnjiníà ní láísẹ́ǹsì. Ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, láti ìgbà tí Wyoming ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1907, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń pinnu ohun tó fẹ́. NCEES, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò FE (ti ìbẹ̀rẹ̀) àti PE (ti láísẹ́ǹsì) fún gbogbo wọn, ní ìlànà kan tó gbé kalẹ̀ bí àpẹẹrẹ: PDH (Professional Development Hour, ìyẹn wákàtí ẹ̀kọ́) 15 lọ́dọọdún, kí ọ̀kan ó kéré tán dá lé ìwà tó yẹ ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò jìnnà sí i. Georgia ń béèrè 30 lọ́dún méjì, Illinois náà 30, New Jersey 24. Àwọn kan ò béèrè ohunkóhun: California, Arizona, Colorado àti Massachusetts wà lára wọn.

PDH kan jẹ́ ìṣẹ́jú 50. Bẹ́ẹ̀ ni, wákàtí tí kò pé wákàtí. PDH 15 wá di ìṣẹ́jú 750, tó jẹ́ wákàtí méjìlá àbọ̀ lórí aago. CEU (Continuing Education Unit, òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ mìíràn), tí yunifásítì àti àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń kọ sórí sàtífíkéètì, ló ń da àwọn èèyàn rú jù: CEU kan jẹ́ PDH 10. Bẹ́ ẹ bá gba sàtífíkéètì tí wọ́n kọ 0.2 sí, ẹ má bínú sí i, PDH méjì ni.

Iṣẹ́ òòjọ́ yín kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bẹ́ ẹ tilẹ̀ kọ́ nǹkan tuntun lórí iṣẹ́ kan tó gba oṣù mẹ́fà, wọn ò ní kà á. Ìpàdé tí oníṣòwò pè láti fi pọ́ǹpù tuntun rẹ̀ hàn yín náà léwu láti gbára lé, àfi bí ẹ̀kọ́ gidi bá wà nínú rẹ̀.

| | Texas | Florida | New York | California |
|---|---|---|---|---|
| Iye wákàtí | 15 | 18 | 36 | kò sí |
| Sáà | ọdún kan | ọdún méjì | ọdún mẹ́ta | ọdún méjì |
| Ìwà lẹ́nu iṣẹ́ | 1 lọ́dọọdún | 1, àti 1 lórí òfin Florida | 1 nínú sáà | kò sí |
| Ìfọwọ́sí ṣáájú | wọn ò béèrè | wọ́n ń béèrè | wọ́n ń béèrè, ó sì le | kò kàn wọ́n |
| Kọ́ọ̀sì tí èèyàn ń dá ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì | wọ́n gbà á | wọ́n gbà á | kò gbọdọ̀ ju 18 lọ | kò kàn wọ́n |
| Ìparí sáà | ìparí oṣù kẹta, kẹfà, kẹsàn-án tàbí kejìlá, bó ṣe wà lórí láísẹ́ǹsì | 28 oṣù kejì, ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì | bó ṣe wà lórí ìwé olúkúlùkù | bó ṣe wà lórí láísẹ́ǹsì |

Texas: òmìnira tó ń béèrè ìwé

Òfin ẹnjiníà Texas jáde lọ́dún 1937, lẹ́yìn tí gáàsì bú gbàù nílé ìwé kan ní New London ní oṣù kẹta ọdún yẹn, tó sì pa nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìtàn yẹn ṣì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn tuntun lẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í sábàá bi yín pé kí ni láísẹ́ǹsì wà fún.

Lónìí, bọ́ọ̀dù tó ń mójú tó iṣẹ́ náà, TBPELS, fi ọkàn tán ẹnjiníà rẹ̀ ju bọ́ọ̀dù púpọ̀ lọ. Wọn kì í fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì ṣáájú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pinnu bóyá ohun tẹ́ ẹ kọ́ bá iṣẹ́ yín mu, yálà nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ, nípa ìwà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nípa ìṣàkóso iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó ti di ọ̀gá: kọ́ọ̀sì lórí bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ ńlá lè wọlé ní Texas, nígbà tí New York lè ta á nù.

Wákàtí 15 lọ́dọọdún, ọ̀kan nínú wọn lórí ìwà. Bẹ́ ẹ bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè gbé tó 14 sọdá sí ọdún tó ń bọ̀. Ìdí tí kì í fi ṣe 15 ò fara sin: wákàtí ìwà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́dọọdún. Ẹni tó bá lọ sí ìpàdé ńlá lọ́dún yìí tó kó wákàtí 29 bọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tọdún tó ń bọ̀. Wákàtí ìwà kan ṣoṣo ló kù fún un.

Ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ dá kà fúnra yín, ìyẹn kẹ́ ẹ jókòó ti ìwé tàbí ìlànà tuntun kan láìsí olùkọ́ àti láìsí ìdánwò, wúlò náà, àmọ́ wákàtí márùn-ún péré ni wọn yóò gbà lọ́dún. Ẹ má fi èyí wé kọ́ọ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìdánwò àti sàtífíkéètì, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Nítorí pé wọn kì í fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì ṣáájú, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀ka Nigerian Society of Engineers kan ṣe lórí Zoom láti Èkó lè wọlé ní Texas, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti iṣẹ́, bẹ́ ẹ sì ní ẹ̀rí pé ẹ wà níbẹ̀: àkọlé, ọjọ́, iye ìṣẹ́jú, orúkọ olùkọ́. Èmi ò ní kó gbogbo 15 láti irú ibẹ̀ o, ṣùgbọ́n méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn ò burú. Irú wákàtí bẹ́ẹ̀ kò ní wúlò ní New York rárá.

Ibi tí òmìnira yìí ti ń dun èèyàn ni ìgbà tí wọ́n bá mú orúkọ yín fún àyẹ̀wò. Bọ́ọ̀dù máa ń ṣà wọ́n ní kòńgẹ́. Ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ fi dá wọn lóhùn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: àkọsílẹ̀ tó sọ irú ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó ṣètò rẹ̀, ibi tó ti wáyé, olùkọ́, ọjọ́ àti wákàtí, pẹ̀lú sàtífíkéètì tó gbè é lẹ́sẹ̀.

Florida: wákàtí kéré, àpótí pọ̀

Bí èèyàn bá wo nọ́ńbà nìkan, Florida ló rọrùn jù lẹ́yìn California: 18 lọ́dún méjì, ìyẹn mẹ́sàn-án lọ́dún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pín 18 náà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí òfin àti ìlànà Florida fúnra rẹ̀. Ọ̀kan lórí ìwà lẹ́nu iṣẹ́. Mẹ́rin lórí ẹ̀ka iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe, kẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ omi má lọ kó wákàtí iná mànàmáná. Méjìlá tó kù lè jẹ́ ohunkóhun tó bá iṣẹ́ ẹnjiníà mu.

Wákàtí òfin àti wákàtí ìwà gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ olùkọ́ni tí FBPE, bọ́ọ̀dù ẹnjiníà Florida, fọwọ́ sí. Ibí ni ẹni tó ń ti Texas bọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Ó ti ṣe wákàtí ìwà tirẹ̀ ní Houston, ó ní sàtífíkéètì, ó rò pé ó tó. Olùkọ́ni náà kò sí lórí àkójọ Florida. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn, kó máa ra wákàtí ìwà lọ́wọ́ ẹni tí Florida mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí Texas kò bìkítà ẹni tó kọ́ ọ. Àǹfààní tó wà nínú ètò yìí ni pé olùkọ́ni tí wọ́n fọwọ́ sí ló máa ń fi wákàtí yín ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù, èyí sì dín wàhálà àyẹ̀wò kù.

Gbígbé sọdá kò sí. Wákàtí tó lé ti lọ. Ọjọ́ náà ò sì yí padà: 28 oṣù kejì, ọdún 2027, 2029, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, fún gbogbo ẹnjiníà lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù kìíní àti ìkejì ọdún bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń wá kọ́ọ̀sì, ìgbà náà sì ni mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi wákàtí ìwà ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n á tẹ ìdáhùn, wọ́n á tẹ̀síwájú. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó lọ ka àbọ̀ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wó ní yunifásítì FIU ní Miami ní 15 oṣù kẹta ọdún 2018. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Ìṣirò tó lábùkù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣòro láti kà ni pé wọ́n rí bí kọnkéré ṣe ń sán kó tó wó, wọ́n pàdé lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ọkọ̀ sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.

New York: ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀

Wákàtí 36 lọ́dún mẹ́ta, méjìlá lọ́dún, ó kéré sí ti Texas. Ẹ̀rù kò yẹ kó bani. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ní láísẹ́ǹsì New York pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀ míì, New York ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣètò fún, torí ohun tó bá wọlé níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọlé níbi gbogbo, èyí tó bá sì wọlé níbòmíì kò dájú níbẹ̀.

Ètò náà ti wà láti 1 oṣù kìíní ọdún 2004, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, NYSED, ló sì wà nídìí rẹ̀. Olùkọ́ni gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìpínlẹ̀ náà gbà, bí àpẹẹrẹ èyí tí Practicing Institute of Engineering ti yẹ̀ wò. Kí ilé-iṣẹ́ kan kọ ọ́ sójú ewé rẹ̀ pé "ìpínlẹ̀ gbogbo ló gbà á" kò tó. Ẹ wá New York lórúkọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá kọ́ọ̀sì náà gan-an, nítorí olùkọ́ni kan lè ní kọ́ọ̀sì ọgọ́rùn-ún kí New York má gbà ju díẹ̀ nínú wọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìpín méjì. Ó kéré tán, 18 nínú 36 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tó ń lọ lọ́wọ́, tí olùkọ́ wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè bi í ní ìbéèrè, ì báà jẹ́ nínú yàrá tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kù, tí kò gbọ́dọ̀ ju 18 lọ, lè jẹ́ kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ dá ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ìwé tẹ́ ẹ kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀, tàbí ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fi kọ́ àwọn mìíràn. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa parí gbogbo wákàtí rẹ̀ ní òru ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú fáìlì PDF àti ìdánwò mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò ní ríbi gbé e gbà ní New York. Ó lè kó ìdajì bẹ́ẹ̀. Ìdajì tó kù máa ń béèrè ọjọ́ àti aago.

Ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà tún ṣe kókó. Ó gbọ́dọ̀ kan iṣẹ́ ẹnjiníà àti ààbò ẹ̀mí, ìlera àti dúkìá aráàlú. Bí wọ́n ṣe ń polówó ilé-iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó ara ẹni, bí wọ́n ṣe ń ṣètò ọ́fíìsì: wọn ò gba ìkankan níbẹ̀. Mo gbà pé ó le díẹ̀ jù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti àbójútó àwọn èèyàn, àmọ́ bí òfin ṣe rí nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé fún ọdún mẹ́fà. Ìlọ́po méjì ti Texas nìyẹn, nítorí náà ọdún mẹ́fà ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ìpínlẹ̀. Bí sáà bá parí tí wákàtí ò pé, ìlẹ̀kùn kì í tì pa: wọ́n lè fún yín ní ìforúkọsílẹ̀ onímájẹ̀mú tí kò ju ọdún kan lọ, kẹ́ ẹ fi san gbèsè wákàtí náà. Ẹ má fi ṣe ètò. Oníbàárà tó bá wo orúkọ yín lórí àkójọ ìjọba kì í bèèrè àlàyé.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ní New York tàbí Florida ní ìtura kan: wọn kì í béèrè wákàtí ní sáà àkọ́kọ́. Ẹ lo àkókò yẹn láti ka òfin, ẹ má fi sùn.

California: òdo

California bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn ẹnjiníà tó ń kọ́ nǹkan ńlá sílẹ̀ lọ́dún 1929, ọdún kan lẹ́yìn tí ìdídò St. Francis ya lóru ní oṣù kẹta 1928, tí omi sì gbé èèyàn tó ju irinwó lọ. Ó yani lẹ́nu pé ìpínlẹ̀ tí irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ bí òfin rẹ̀ kò béèrè wákàtí ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ PE. Ẹ san owó lọ́dún méjì-méjì, ẹ dáhùn ìbéèrè díẹ̀ lórí òfin ìpínlẹ̀ náà, ó tán.

Ṣé ìyẹn ní kí èèyàn fi California ṣe ilé? Àwọn kan ti bi mí bẹ́ẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè dúró sí ti California nìkan kí n bọ́ nínú wàhálà yìí?" Bí gbogbo iṣẹ́ yín bá wà níbẹ̀, kí ló burú? Ṣùgbọ́n òdo California kò dá yín sílẹ̀ ní Texas. Láísẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ní gbèsè tirẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ lé àwòrán ni òfin rẹ̀ ti dè yín.

Níbo la ti ń kó wákàtí?

Kọ́ọ̀sì tí èèyàn ń dá ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Ó dára fún Texas àti Florida. Mo ní ìṣòro kan pẹ̀lú rẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń lò jẹ́ ìwé ìjọba tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti àjọ òpópónà, tí wọ́n fi ìdánwò lé lẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò burú. Ẹ kàn mọ̀ pé ìdánwò àti sàtífíkéètì lẹ ń sanwó fún.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojú ẹsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olùkọ́ wà níbẹ̀ lásìkò náà, ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀. Ó máa ń wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń bọ́ sí àsìkò iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń kún àpótí New York láìjẹ́ pé ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ohun méjì: ìfọwọ́sí New York, àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bẹ́ ẹ bá wọlé ní ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, sàtífíkéètì lè má jáde.

Ìpàdé ọdọọdún àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà bí ASCE, ASHRAE tàbí IEEE dára bí ọ́fíìsì bá ń sanwó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn lè kó wákàtí ọdún kan, kó tún pàdé ẹni tí yóò fún un níṣẹ́. Láti inú àpò ara ẹni, mi ò rí i bí ọ̀nà ìkó wákàtí. Owó hòtẹ́ẹ̀lì nìkan ju ti kọ́ọ̀sì ọdún méjì lọ. Ẹ béèrè pé ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n kà sí PDH níbẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ìpàdé ni.

Kọ́ọ̀sì yunifásítì ńkọ́? Ẹni tó ń kàwé gba oyè máàsítà lọ́wọ́ ní àǹfààní ńlá: Texas àti New York ń ka PDH 15 fún krẹ́díìtì sẹ́mẹ́sítà kan. Kọ́ọ̀sì krẹ́díìtì mẹ́ta kan péré jẹ́ 45, tó ju ohun tí New York ń béèrè fún gbogbo sáà lọ. Wákàtí ìwà nìkan ló kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti lọ wá.

Ẹ tún wo inú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ti ń san owó ọdọọdún fún. NSPE, ẹgbẹ́ àwọn PE ní Amẹ́ríkà, máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́, àìmọye ọmọ ẹgbẹ́ ni kì í lò ó.

Bí mo ṣe máa to wákàtí náà fún ẹni tó ní Texas, Florida àti New York

Wákàtí 15 lọ́dọọdún tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́dún mẹ́ta, 45 ni, ó ju 36 New York lọ. Lọ́dún méjì, 30 ni, ó ju 18 Florida lọ. Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe máa pín.

Mẹ́fà nínú 15 kó jẹ́ ẹ̀kọ́ ojú ẹsẹ̀ tí New York fọwọ́ sí. Lọ́dún mẹ́ta, ìyẹn ti di 18 gẹ́lẹ́. Mẹ́fà mìíràn kó jẹ́ kọ́ọ̀sì tí èèyàn ń dá ṣe, tí New York náà fọwọ́ sí. 18 nìyẹn pẹ̀lú, 36 ti pé. Wákàtí ìwà ti ọdọọdún wà nínú méjìlá yìí, kẹ́ ẹ sì rà á lọ́wọ́ olùkọ́ni tí New York àti FBPE jọ mọ̀. Mẹ́ta tó kù lọ́dún jẹ́ ti Texas nìkan, ẹ lò ó bó ṣe wù yín: ìṣàkóso iṣẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, ìwé tuntun tẹ́ ẹ dá kà. Inú mẹ́ta yẹn ni mo máa fi wákàtí òfin Florida sí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, torí mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé New York láti kà á.

Florida wá kù sí ọ̀rọ̀ pé kí mẹ́rin nínú ohun tẹ́ ẹ ti kọ́ lọ́dún méjì jẹ́ ti ẹ̀ka iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì rí i pé méjìlá tó kù wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí Florida gbà. Ẹni tó ń ra kọ́ọ̀sì tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ti ṣe èyí láìmọ̀.

Texas àti Florida nìkan lẹ ní? Ẹ yọ ti ẹ̀kọ́ ojú ẹsẹ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì. New York àti California? Ẹ ṣe ti New York, ẹ gbàgbé ìkejì títí di ọjọ́ ìsanwó.

NCEES ní àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnjiníà lè fi tọ́jú wákàtí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì lè fi wé ohun tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Mo fara mọ́ ọn ju kí èèyàn fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sínú í-meèlì ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, í-meèlì yẹn lọ pẹ̀lú sàtífíkéètì ọdún márùn-ún.

Àwọn tó ti ìlú ọba tàbí ilé dé

Ẹni tó jẹ́ CEng (Chartered Engineer) ní Britain ti mọ ọ̀rọ̀ CPD, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́nu iṣẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2019, Engineering Council, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ níbẹ̀, ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é yàtọ̀: Engineering Council fúnra rẹ̀ kò fi iye wákàtí lélẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ àti ohun tó yí padà lẹ́nu iṣẹ́ yín ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà náà bọ́gbọ́n mu ju kíka ìṣẹ́jú lọ, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ìwé CPD tẹ́ ẹ kọ fún London kò di PDH ní Albany (olú-ìlú New York), bẹ́ẹ̀ náà ni ti COREN, àjọ tó ń mójú tó ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Bí kọ́ọ̀sì kan bá wà nínú rẹ̀ tó ní ọjọ́, wákàtí àti sàtífíkéètì, ẹ lè mú un lọ sí Texas. Ìyókù ẹ fi sílẹ̀ síbi tó wà.

Láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ò lò mọ́

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì kì í sọ fúnni. Bó bá ti lé ní ọdún mélòó kan tẹ́ ẹ ti tẹ òǹtẹ̀ kẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ kan, ẹ bi ara yín bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ ṣì máa kó wákàtí fún un. Texas gbà kí ẹnjiníà sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ di èyí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kì í sì béèrè wákàtí ní ipò yẹn. New York àti Florida náà ní ipò tiwọn. Ẹ ò ní lè ṣiṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀ nígbà náà, ẹ ò sì ní tẹ òǹtẹ̀ lé ohunkóhun. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ padà, wọn yóò béèrè wákàtí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, nítorí náà ẹ ka ìlànà ìpadàwọlé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Fún ẹni tó ní mẹ́rin tó sì ń lo méjì, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò nìyí, kó tó ra kọ́ọ̀sì kankan.